Tọkọtaya, Àna àti Kóòtù: Ìtàn Ìkọ̀sílẹ̀ ní Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìgbéyàwó ń gbà fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà: ìdána ní ìlànà ìbílẹ̀, yìgì síso ní ìlànà Ìsìláàmù, àti ìgbéyàwó olóòrùka tí wọ́n ń ṣe níwájú rẹ́jísírà tàbí nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ. Ìkínní ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìkejì gbilẹ̀ lábẹ́ Ìlọrin. Ìkẹta bá òyìnbó dé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní òfin tí wọ́n fi ń tú u, ó sì ní kóòtù tó láṣẹ lórí rẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń sọ nípa ìkọ̀sílẹ̀ ní Òmù-Àrán, Ẹ̀sìẹ́, Òrò, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Ṣàáré ni kò rí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, nítorí pé òfin ọ̀kan ni wọ́n fi ń dá ẹjọ́ èkejì.

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ yẹ kí a tún ṣe ni pé kò sí ìkọ̀sílẹ̀ láyé àtijọ́. Ó wà. Ó ṣọ̀wọ́n ni, ó sì nira. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ó ní ìkọ̀sílẹ̀ kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ka ohun tó lè fà á: kí obìnrin bá ìbátan ọkọ rẹ̀ ṣe àgbèrè, kí ó máa jalè, kí ó máa jẹ gbèsè tó ń kó bá ilé ọkọ. Bákan náà ni ó ní ìyà àjẹjù lọ́wọ́ ọkọ lè mú kí obìnrin bẹ̀bẹ̀ fún ìtúsílẹ̀. A kò lè fi ìyẹn sọ pé àwọn tọkọtaya ìgbà náà fẹ́ràn ara wọn ju tòní lọ. Agboolé méjì ló ń fẹ́ ara wọn, agboolé méjì náà ló sì gbọ́dọ̀ jọ fẹnu kò kí okùn ìgbéyàwó náà tó tú.

Okùn ọ̀hún kò sì rọrùn láti tú, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ kó ipa ńlá nínú ohun tí ọkọ ń san. Wọ́n lè ti fẹ́ ọmọbìnrin sọ́nà láti kékeré. Láti ìgbà náà ni àfẹ́sọ́nà yóò ti máa kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣe ọ̀wẹ̀ lóko àna: wọn a kọ ebè, wọn a roko, wọn a fi koríko bẹẹrẹ bo ilé tó ń jò. Lọ́dọọdún, bí iṣu bá ta, ẹrù iṣu a lọ sílé bàbá ìyàwó. Ọjọ́ ìdána ni obì, orógbó, ataare, oyin àti iyọ̀ ń dé, pẹ̀lú owó ẹyọ tí wọ́n bá dá lé wọn. Kí ìyàwó tó wọlé ọkọ, ohun tó wà láàrin ilé méjèèjì ti ju owó lọ. Bí ó bá wá di pé kí wọ́n tú u ká, ta ni yóò ṣírò ebè tí ogún ọkùnrin kọ ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn? Ta ni yóò dá iṣu tí wọ́n ti jẹ tán padà? Ìbéèrè yìí ni ẹbí obìnrin kì í fẹ́ dáhùn, òun náà ló sì ń mú kí wọ́n máa rọ ọmọ wọn pé kó padà sílé ọkọ.

Obìnrin tó bá kúrò nílé ọkọ padà sílé bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní dálémoṣú. Kí ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀, yóò ti kọ́kọ́ fẹjọ́ sun ìyálé àti baálé agboolé ọkọ. Bí wọn kò bá rí i yanjú, àwọn ẹbí rẹ̀ a gbọ́. Ọkọ a wá pẹ̀lú àwọn àgbà ilé rẹ̀, wọn a mú obì dání, wọn a bẹ̀bẹ̀. Wọn a dá ẹni tó jẹ̀bi lẹ́bi, wọn a sì sin ìyàwó padà. Léraléra ni èyí lè ṣẹlẹ̀. Ẹjọ́ tó bá kọjá agbára agboolé ló ń dé ààfin, níwájú Olómù ní Òmù-Àrán tàbí Ẹlẹ́sìẹ́ ní Ẹ̀sìẹ́ pẹ̀lú àwọn ìjòyè wọn.

Ohun tó ń parí ìgbéyàwó náà ni dídá owó ìdána padà níwájú ẹlẹ́rìí. Kíkó ẹrù jáde nìkan kò tó. Obìnrin lè jókòó sílé bàbá rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, kí ó tún ti bá ọkùnrin mìíràn lọ, síbẹ̀ lójú àṣà, ìyàwó ẹni tó sanwó lórí rẹ̀ ni. Níbi púpọ̀, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ ló ń san owó náà fún ọkọ àkọ́kọ́, nípasẹ̀ bàbá obìnrin. Ọkọ tó bá sì lé ìyàwó rẹ̀ jáde láìnídìí sábà máa ń pàdánù ohun tó san. Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ìtàn: títí di òní, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ lè tú láàrin ẹbí méjèèjì láìdé kóòtù, bí owó ìdána bá ti padà tí ẹbí méjèèjì sì gbà pé ó ti parí. Ẹni tó rò pé kóòtù nìkan ló lè tú irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ṣì í. Ẹni tó rò pé ìbínú ọkọ tàbí àpò ẹrù ìyàwó ló tú u náà ṣì í.

Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, púpọ̀ nínú àwọn ìlú Ìgbómìnà bọ́ sábẹ́ Ìlọrin, àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìlọrin sì ń gbé láàrin wọn. Ìgbómìnà wà lára Èkìtìparapọ̀ tó ja ogun Kírìjì títí di 1893. Ní 1897, Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin. Láàrin gbogbo rògbòdìyàn yìí ni ẹ̀sìn Ìsìláàmù ń fìdí múlẹ̀ ní ìlú kan tẹ̀ lé òmíràn, ó sì mú ìlànà ìgbéyàwó tirẹ̀ dání. Ìlànà náà yàtọ̀ sí ìdána níbi kan tó ṣe pàtàkì gan-an: sàdáákì, ìyẹn owó tí ọkọ ń san nígbà tí wọ́n bá ń so yìgì, ti obìnrin fúnra rẹ̀ ni. Bàbá rẹ̀ kò ní ìpín nínú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní. Nínú ọ̀pọ̀ ilé Mùsùlùmí ní Ìgbómìnà, wọ́n ń ṣe ìdána, wọ́n sì ń so yìgì, àwọn ẹlòmíràn a sì máa da owó méjèèjì pọ̀. Ọjọ́ tí ìjà bá dé ni ìdàpọ̀ yìí ń dá wàhálà sílẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ń bèèrè ohun tó yẹ kí obìnrin dá padà.

Ọ̀rọ̀ tó sì gbòde láàrin àwọn tọkọtaya Mùsùlùmí ni pé bí ọkọ bá ti sọ pé “mo kọ̀ ọ́,” ọ̀rọ̀ ti tán lójú ẹsẹ̀. Nínú ìlànà Málíkì, tí àwọn kóòtù Ṣàríà ní àríwá Nàìjíríà ń tẹ̀lé, ọ̀rọ̀ náà ní ìpele. Lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀ àkọ́kọ́ tàbí ìkejì, obìnrin wọ ìdá, ìyẹn àkókò ìdúró: fún ẹni tó ń rí nǹkan oṣù rẹ̀, ìgbà mímọ́ mẹ́ta, fún aláboyún, títí yóò fi bímọ. Bí ọkọ bá fẹ́, ó lè gbà á padà láàrin àkókò yìí láìso yìgì tuntun, bùkátà rẹ̀ sì wà lọ́rùn ọkọ. Ìgbà tí ìkọ̀sílẹ̀ bá pé mẹ́ta ni kò sí ìpadàbọ̀, àfi bí obìnrin náà bá ti fẹ́ ẹlòmíràn ní òtítọ́ tí ìyẹn náà sì ti tú. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kò wà láìní ọ̀nà. Ó lè dá sàdáákì padà kí ó gba ara rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní kúlù. Ó sì lè bẹ kóòtù pé kí ó tú ìgbéyàwó náà nítorí ìyà, nítorí àìtọ́jú, tàbí nítorí pé ọkọ ti fi í sílẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin tí a kò sọ èyí fún ti jókòó sínú ìyà pẹ́, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ọwọ́ ọkọ nìkan ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Ìjọba òyìnbó ló yí ìwọ̀n ọ̀rọ̀ náà padà. Nígbà tí wọ́n dá Àríwá Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1900, wọ́n kó púpọ̀ nínú ilẹ̀ Ìgbómìnà sínú ẹkùn Ìlọrin, nígbà tí Ìlá-Ọ̀ràngún bọ́ sí apá Gúúsù. Èdè kan, ìran kan, ìjọba méjì. Òfin ọdún 1900 àti ti 1906 dá kóòtù ìbílẹ̀ sílẹ̀ ní Àríwá. Ní ẹkùn Ìlọrin, àwọn olórí ẹkùn àti àwọn alíkálì ló ń jókòó nínú wọn, ẹjọ́ tí kò bá sì tẹ́ ènìyàn lọ́rùn a máa gòkè lọ sí Ìlọrin. Ààlà yìí kò tẹ́ púpọ̀ nínú àwọn ará Ìgbómìnà lọ́rùn. Ní àwọn ọdún 1950, Ìlọrin Tàlákà Parapọ̀ àti ẹgbẹ́ Action Group jà pé kí wọ́n dà wọ́n pọ̀ mọ́ ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, níbi tí Ìlá wà. Ìgbìmọ̀ Willink tó jókòó ní 1957 sí 1958 gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ààlà dúró síbi tó wà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àbúrò àti ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ ìyàwó ní ìlànà kan náà, ọ̀kan ní Ìlá, èkejì ní Òmù-Àrán, lè bá ara wọn níwájú kóòtù tí ìlànà wọn yàtọ̀ síra.

Káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ nígbà tí kóòtù òyìnbó ṣí ilẹ̀kùn ni pé àwọn obìnrin rọ́ wọlé. Ní Abẹ́òkúta, láti 1892 sí 1904, ẹjọ́ ìyàwó tó fẹ́ kọ ọkọ wà lára ohun tó gba àkókò kóòtù jù lọ. Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, kóòtù ìbílẹ̀ fún obìnrin ní ohun tí agboolé kò fún un: ibi tó lè dá nìkan lọ, tó lè sanwó ìwé ìpẹ̀jọ́, kí akódà sì lọ pe ọkọ rẹ̀ wá. Owó náà ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú irin dé Ọ̀fà ní nǹkan bí 1908, ọjà gbòòrò, obìnrin tó ń ta aṣọ tàbí oúnjẹ lè kó ọrọ̀ jọ tó láti dá owó ìdána ara rẹ̀ padà. Ojú irin kan náà ló ń gbé àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ sí Èkó, tí àwọn mìíràn sì ti ibẹ̀ kọjá sí Gold Coast, tí ìyàwó wọn kì í gbúròó wọn fún ọdún púpọ̀.

Rírọ́ tí àwọn obìnrin ń rọ́ lọ sí kóòtù bí àwọn àgbà nínú. Wọ́n ní kóòtù ń ba ilé jẹ́, wọ́n ní ó ń kọ́ obìnrin ní oríkunkun. Ẹ̀sùn yìí ṣì wà lẹ́nu àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n ìtàn kò tì í lẹ́yìn. Àwọn obìnrin tó rọ́ lọ sí kóòtù ti ní ẹjọ́ lọ́wọ́ kí kóòtù tó dé. Ọmọbìnrin tí wọ́n fẹ́ sọ́nà fún ọkùnrin tó dàgbà jù ú lọ láìbi í léèrè, ìyàwó tí wọ́n ṣú lópó fún ẹni tí kò fẹ́, ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń lù tí àwọn ẹbí rẹ̀ sì ń rọ̀ pé kó padà nítorí iṣu tí wọ́n ti jẹ: gbogbo wọn wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibi tí wọn yóò gbé ẹjọ́ wọn gbà ni wọn kò ní. Ohun tí kóòtù yí padà gan-an ni ìṣirò. Ó sọ ọ̀wẹ̀, iṣu, aṣọ àti owó ẹyọ di ṣílè àti pọ́n-ùn, iye kan ṣoṣo tí akọ̀wé lè kọ sínú ìwé. Nígbà tí ó ti di iye kan, ó ṣeé san, nígbà tí ó sì ti ṣeé san, okùn náà ṣeé tú.

Lẹ́yìn èyí ni ìlànà ìhà méjèèjì ààlà túbọ̀ ń jìnnà síra. Ní Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba gbé òfin kan jáde ní 1958 nípa ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ àti ìtọ́jú ọmọ, èyí tí ìjọba ìbílẹ̀ tó bá fẹ́ lè gbà wọlé. Ó ka àwọn ìdí ìkọ̀sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, lára wọn ni àgbèrè, ìwà ìkà, àìtọ́jú, àti kí ẹnì kan fi ẹnì kejì sílẹ̀ fún ọdún méjì. Ní Àríwá, ọdún 1960 ni Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn Ṣàríà àti òfin ìwà ọ̀daràn tó ń jẹ́ Penal Code bẹ̀rẹ̀. Penal Code ka àgbèrè sí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ fi ènìyàn sẹ́wọ̀n, bí òfin ìbílẹ̀ tàbí ti ẹ̀sìn tó de onítọ̀hún bá kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Criminal Code tí wọ́n ń lò ní apá Ìlá kò ní irú rẹ̀. Wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ní 27 oṣù Karùn-ún 1967, òfin ọdún náà ló sì sọ kóòtù ìbílẹ̀ àtijọ́ di Ẹ́ríà Kóòtù, èyí tí àwọn ará Òmù-Àrán àti agbègbè rẹ̀ ṣì ń lọ.

Níwájú Ẹ́ríà Kóòtù, bí ẹjọ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ṣe ń lọ kò díjú. Olùpẹ̀jọ́, tó sábà máa ń jẹ́ obìnrin, yóò sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ fún akọ̀wé, yóò sanwó, wọn yóò sì fi ìwé pe ọkọ. Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, adájọ́ yóò kọ́kọ́ bèèrè irú ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe. Bí ìdáhùn bá ti fi hàn pé olóòrùka ni, kò ní àṣẹ láti lọ síwájú. Bí ó bá jẹ́ ti ìbílẹ̀, yóò bi wọ́n bóyá àwọn àgbà ti dá sí i, ó sì lè sún ẹjọ́ síwájú kí ẹbí tún lọ parí rẹ̀ nílé. Bí obìnrin bá padà wá tó ní òun kò fẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ kan ló kù: èló ni ọkọ san? Ibẹ̀ ni ariwo ti ń sọ. Ọkọ a ka owó aṣọ ìyàwó, owó ọkọ̀ àwọn àna, oúnjẹ ọjọ́ ìnáwó. Ẹbí ìyàwó a ní owó ìdána nìkan ni òfin mọ̀, ohun tí a sì jẹ lọ́jọ́ ayẹyẹ kì í ṣe gbèsè. Adájọ́ àti àwọn tó jókòó tì í á wo àṣà ìlú, á dá iye kan lé e, owó náà á gba ọwọ́ kóòtù kọjá. Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tí wọ́n lu òǹtẹ̀ kóòtù lé ni obìnrin ń mú lọ. Kí ó tọ́jú rẹ̀, nítorí òun ni ẹ̀rí rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá tún fẹ́ ṣe ìgbéyàwó.

Ìgbéyàwó olóòrùka ní ìtàn tirẹ̀. Òfin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1884, ti ọdún 1914 sì kárí gbogbo Nàìjíríà. Àwọn oníwàásù ló gbé e dé ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ìgbàjà di ibùdó ńlá fún Sudan Interior Mission, ìjọ tó wá di ECWA, tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àwọn Sẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀sì, Onítẹ̀bọmi àti Àgùdà náà ní ìjọ káàkiri. Ọkọ kan, aya kan ni wọ́n ń wàásù, òrùka sì di àmì ọ̀làjú.

Èrò òdì tó gbilẹ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ti ibẹ̀ wá: pé gbogbo ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì ni ìgbéyàwó òfin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí òfin béèrè ni pé kí wọ́n fi tó rẹ́jísírà létí, kí ìkéde náà wà lára pátákó fún ọjọ́ 21, kí rẹ́jísírà fún wọn ní ìwé ẹ̀rí tí wọn yóò lò láàrin oṣù mẹ́ta, kí ṣọ́ọ̀ṣì náà ní àṣẹ ìjọba, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ láàrin aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí ẹlẹ́rìí méjì sì fọwọ́ sí i. Bí àwọn méjèèjì bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é láìsí ìwé rẹ́jísírà, àdúrà ni olùṣọ́-àgùntàn gbà fún wọn. Ní 1963, Adájọ́ Palmer sọ ọ́ gbangba nínú ẹjọ́ Obiekwe àti Obiekwe ní Ìlà-Oòrùn pé lójú òfin, ìgbéyàwó òfin ìjọba àti ti ìbílẹ̀ ló wà. Kò sí òmíràn tó ń jẹ́ ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì lọ́tọ̀. Nítorí náà, tọkọtaya tó wọ aṣọ funfun, tó gé kéèkì, tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ́jísírà, ìdána wọn ló so wọ́n pọ̀, Ẹ́ríà Kóòtù sì lè tú wọn. Àwọn tó ní ìwé rẹ́jísírà kò lè gba ibẹ̀ kọjá, bí wọ́n tilẹ̀ ti ṣe ìdána kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tí wọ́n bá gbà ní Ẹ́ríà Kóòtù kò fọwọ́ kan ìgbéyàwó òrùka wọn, ẹni tó bá sì gbójú lé e lọ ṣe ìgbéyàwó mìíràn lè bọ́ sínú ẹ̀sùn tí òfin fi ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún sí. Ìpinnu ìgbìmọ̀ ìjọ pé ìgbéyàwó ti tú kò ní agbára lójú òfin, bẹ́ẹ̀ ni ìkọ̀ ìjọ kò lè dá ilé-ẹjọ́ dúró.

Ilé-ẹjọ́ Gíga ló láṣẹ lórí ìgbéyàwó olóòrùka, Òmù-Àrán sì ní ìpín tirẹ̀ nínú Ilé-ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ Kwara. Òfin tó ń lò ni Matrimonial Causes Act ti 1970, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 17 oṣù Kẹta ọdún náà. Kí ó tó dé, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń tọ̀, ẹni tó pẹ̀jọ́ sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹnì kejì ṣẹ̀. Òfin 1970 sọ ìdí di ẹyọ kan: pé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ṣùgbọ́n ó ka àwọn ohun tó gbọ́dọ̀ fi èyí hàn. Lára wọn ni kí ẹnì kan kọ̀ láti bá ẹnì kejì lò pọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn. Kí ó ṣe àgbèrè tí ẹnì kejì kò sì lè fara da gbígbé pẹ̀lú rẹ̀ mọ́. Kí ó hùwà tí kò ṣeé bá gbé. Kí ó fi ilé sílẹ̀ fún ọdún kan. Kí wọ́n ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún méjì tí ẹnì kejì kò sì tako ìkọ̀sílẹ̀. Tàbí fún ọdún mẹ́ta, bó tilẹ̀ takò ó. Ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ kò tíì pé ọdún méjì kò lè pẹ̀jọ́ láìgba àyè lọ́wọ́ ilé-ẹjọ́, àfi nínú àwọn ọ̀ràn díẹ̀.

Láti inú àwọn ọdún wọ̀nyí ni ìtàn mìíràn ti gbilẹ̀: pé bí ọkọ àti aya bá ti pínyà fún ọdún mẹ́ta, tàbí méje, ìgbéyàwó ti tú fúnra rẹ̀. Kò sí ọdún tó lè tú u. Ọdún mẹ́ta jẹ́ ẹ̀rí tí ènìyàn ń gbé lọ síwájú adájọ́. Ọdún méje wà fún ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ sọnù, tí kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀, kí ilé-ẹjọ́ lè gbà pé ó ti kú. Òun náà gbọ́dọ̀ pẹ̀jọ́. Lọ́jọ́ tí adájọ́ bá sì dá ẹjọ́, okùn kò tíì já tán. Oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ kọjá kí ìdájọ́ náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹni tó bá sì ṣe ìgbéyàwó mìíràn láàrin rẹ̀ ti ṣe é lórí ìgbéyàwó tó ṣì wà láàyè.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló ń dun àwọn ènìyàn jù. “Ọmọ, ti bàbá ni” ni gbogbo ènìyàn ń sọ, ní ti orúkọ, oríkì àti ogún, bí àṣà ṣe rí nìyẹn. Ní ti ẹni tí ọmọ yóò máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, àṣà pàápàá ń fi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ fún ìyá títí yóò fi já lẹ́nu ọmú. Matrimonial Causes Act sọ pé ire ọmọ ni kí adájọ́ fi ṣáájú ohun gbogbo, bẹ́ẹ̀ náà ni òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 àti èyí tí ìpínlẹ̀ Kwara gbé kalẹ̀ ní 2006. Láàrin àwọn Mùsùlùmí, ọ̀pọ̀ bàbá ló gbàgbọ́ pé bí ọmọ bá ti pé ọdún méje, òun lòun ni ín. Ìlànà Málíkì kò sọ bẹ́ẹ̀: ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin yóò wà títí yóò fi bàlágà, ọmọbìnrin títí yóò fi wọlé ọkọ, bàbá ni yóò sì máa gbọ́ bùkátà wọn. Bí ìyá bá fẹ́ ọkùnrin tí kì í ṣe ìbátan ọmọ, ẹ̀tọ́ náà sábà máa ń bọ́ sọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ìyẹn ìyá-ìyá ọmọ, kí ó tó kan ilé bàbá.

Àṣà àtijọ́ kan tilẹ̀ wà tó le ju èyí lọ: pé bí obìnrin bá fi ọkọ sílẹ̀ láìdá owó padà, ọmọ tó bá bí fún ọkùnrin mìíràn jẹ́ ti ọkọ àkọ́kọ́. Ní 1932, irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dé ilé-ẹjọ́ láti agbègbè Kàlàbá, ìyẹn ẹjọ́ Edet àti Essien. Ọkùnrin kan ti sanwó lórí obìnrin náà nígbà tó wà lọ́mọdé. Nígbà tí obìnrin náà dàgbà tó lọ bímọ fún ẹlòmíràn, ọkùnrin àkọ́kọ́ ní òun ló ni àwọn ọmọ náà títí owó òun yóò fi padà. Ilé-ẹjọ́ kọ̀ ọ́, ó ní àṣà bẹ́ẹ̀ lòdì sí ẹ̀rí ọkàn. Láti ìgbà náà, owó ìdána tí wọn kò dá padà kò lè gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni tó bí i.

Ní ti dúkìá, èrò méjì tó lòdì síra ló ń rìn kiri. Àwọn kan ti wo fíìmù òkè òkun, wọ́n rò pé ìyàwó tó bá kọ ọkọ yóò gba ìlàjì ohun tó ní. Àwọn mìíràn gbà pé ọwọ́ òfo ló yẹ kí ó jáde. Òfin Nàìjíríà kò sọ ti àkọ́kọ́: nínú ìgbéyàwó olóòrùka, adájọ́ lè pàṣẹ owó ìtọ́jú, ó sì lè pín dúkìá bó ṣe rí i pé ó tọ́, ṣùgbọ́n rìsíìtì, ìwé ilẹ̀ àti ẹlẹ́rìí ló ń wò láti mọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi sí i. Àṣà Yorùbá kò sì sọ ti èkejì. Láti ayébáyé ni obìnrin Ìgbómìnà ti ń ní èrè ọjà tirẹ̀, igbá àti àwo tirẹ̀, àti ẹran ọ̀sìn tirẹ̀, ọkọ kò sì ní ẹ̀tọ́ sí wọn. Ohun tí obìnrin kò ní ẹ̀tọ́ sí nínú àṣà ni ilé ọkọ. Èyí ló ń pa obìnrin tó fi owó ọjà rẹ̀ ra búlọ́ọ̀kù àti páànù sí ilé tí orúkọ ọkọ nìkan wà lórí ìwé rẹ̀ lára, nítorí Ẹ́ríà Kóòtù lè tú ìgbéyàwó láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ọ̀rọ̀ ilé yẹn sì gba ọdún lọ́wọ́ rẹ̀.

Ikú ń fi ibi tí àṣà le sí hàn. Ní 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Àpapọ̀ sọ pé nínú òfin ìbílẹ̀ Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Opó lè máa gbé inú ilé náà nítorí àwọn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ló ni ogún. Ìlànà Ìsìláàmù yàtọ̀: opó ní ìdá kan nínú mẹ́rin bí ọkọ kò bá fi ọmọ sílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́jọ bí ó bá fi ọmọ sílẹ̀, bí ìyàwó bá sì ju ẹyọ kan lọ, wọn a jọ pín in. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú nígbà tó ṣì wà nínú ìdá ìkọ̀sílẹ̀ tó ṣeé gbà padà náà ní ìpín nínú rẹ̀. Ní ti ọmọ, ìkọ̀sílẹ̀ kò yọ wọ́n kúrò nínú ogún bàbá lábẹ́ èyíkéyìí nínú òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Privy Council dá ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ní 1962, ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí-igi ni ìlànà Yorùbá fún pínpín ogún olórogún, ìyẹn ni pé ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan ń gba ìpín kan. Ìyá tó ti kọ bàbá sílẹ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn kò ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí-igi tirẹ̀ wà láàrin àwọn tó kù, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò sì gba ìpín náà.